Akẹ́kọ̀ọ́ Lẹ́nu Iṣẹ́ Ìwádìí ní Ìlú Òkèèrè

Bí a bá gbọ́ pé ọmọ ẹnì kan ti wọ ọkọ̀ òfurufú lọ kàwé ní ìlú òyìnbó, ìgbádùn ni ó máa ń kọ́kọ́ sọ sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́kàn. Wọn a rò pé ọmọ náà ti bọ́ lọ́wọ́ ìyà, pé owó ni yóò máa fi ránṣẹ́ sílé, àti pé yóò kàn jókòó sínú yàrá tí ó móoru títí yóò fi gba oyè. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mọ bí ọjọ́ kan ti ń rí fún akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń ṣe iṣẹ́ ìwádìí lọ́hùn-ún yóò gbà pé iṣẹ́ ni, kì í ṣe eré. Ẹ jẹ́ kí a wo irú akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀, ọmọ Yorùbá tí ó ń wádìí ìtàn ilẹ̀ wa ní Yunifásítì Birmingham, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ẹnì kan lè béèrè pé, kí ni ọmọ Yorùbá ń wá ìtàn Yorùbá lọ sí Birmingham sí? Ìdáhùn rẹ̀ kò ṣòro. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ẹgbẹ́ ajíhìnrere tí a ń pè ní C.M.S. ní àwọn òjíṣẹ́ ní ilẹ̀ Yorùbá, àti òyìnbó àti ènìyàn dúdú. Wọ́n a máa kọ ohun tí wọ́n ṣe àti ohun tí wọ́n rí sínú ìwé, wọn a sì fi í ránṣẹ́ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ogun, ọjà, oyè jíjẹ, àìsàn, òwò ẹrú, kò sí èyí tí wọn kò kọ nípa rẹ̀. Ilé ìkàwé kan ní yunifásítì yìí, tí à ń pè ní Cadbury Research Library, ni a tọ́jú àwọn ìwé náà sí. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí ìwé tí Samuel Ajayi Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ọwọ́ kọ ní láti la òkun kọjá.

Nínú òkùnkùn ni akẹ́kọ̀ọ́ náà ń jí ní ìgbà òtútù. Ní oṣù Kejìlá, oòrùn kì í yọ ní Birmingham títí agogo mẹ́jọ àárọ̀ yóò fi kọjá, bẹ́ẹ̀ ni yóò sì ti wọ̀ ní nǹkan bí agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ a mu tíì gbígbóná, a jẹ búrẹ́dì, a wọ súẹ́tà, a gbé kóòtù lé e, a sì ki ọwọ́ bọ ìbọ̀wọ́. Lẹ́yìn èyí ni yóò wọ ọkọ̀ ojú irin, tí yóò sì sọ̀kalẹ̀ ní ibùdókọ̀ yunifásítì náà gan-an. Láti ibẹ̀ ni yóò ti máa wo ilé aago gíga tí wọ́n kọ́ ní ìrántí Joseph Chamberlain. Ìlú tí òtútù kò jẹ́ kí àwọn ènìyàn dúró kí ara wọn lójú ọ̀nà ni ó bá ara rẹ̀. Ó lè rìn láti ilé dé ẹnu iṣẹ́ láìsí ẹni tí yóò wí fún un pé, "Ẹ káàárọ̀ o."

Ní yàrá ìwé kíkà, òfin pọ̀. Ìta ni yóò fi kóòtù àti àpò rẹ̀ sí. Kò gbọdọ̀ mú oúnjẹ tàbí omi wọlé. Kò gbọdọ̀ lo bíírò tàbí yíǹkì. Pẹ́ńsùlù ni òfin fi àyè gbà, nítorí pé yíǹkì tí ó bá kán sí ìwé tí ó ti pé ọgọ́rùn-ún ọdún ó lé kò ṣeé nù kúrò mọ́. Òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé ni yóò gbé ìwé wá fún un, díẹ̀díẹ̀. Ọwọ́ ìkọ̀wé àtijọ́ kò rọrùn láti kà. Ẹlòmíràn kọ̀wé wẹ́wẹ́ bí ìdin, ẹlòmíràn kọ orúkọ ìlú Yorùbá ní ọ̀nà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nínú lẹ́tà kan. Akẹ́kọ̀ọ́ lè jókòó láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ kí ó má rí ju gbólóhùn mẹ́ta tí yóò wúlò fún iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tí kò bá ní sùúrù kò lè ṣe é.

Ohun tí ó tún máa ń da ọmọ Yorùbá láàmú ni ìpàdé òun àti olùkọ́ tí ó ń tọ́ ọ sọ́nà. Nílé, a kọ́ ọ pé ọmọdé kì í bá àgbà jiyàn, kì í sì í pe àgbà lórúkọ. Lọ́hùn-ún, ọ̀jọ̀gbọ́n tí ó ti hewú a ní kí ó máa pe òun ní orúkọ òun, a sì béèrè pé, "Kí ni èrò tìrẹ?" Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá dákẹ́, tí ó ń rò pé òun ń bọ̀wọ̀ fún àgbà, olùkọ́ lè rò pé kò ní èrò kankan lórí. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí ó mọ̀wé ni ó ti fi ìdákẹ́jẹ́ ba ọ̀pọ̀ oṣù jẹ́. Bí a bá dé ìlú, irú fìlà tí wọ́n ń dé ni à ń bá wọn dé. Akẹ́kọ̀ọ́ ní láti kọ́ bí a ti ń fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ pé, "Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀, ìdí rẹ̀ nìyí." Èyí kì í ṣe àfojúdi, apá kan iṣẹ́ náà ni.

Ọ̀rọ̀ owó kò gbẹ́yìn. Owó ilé, owó iná àti owó ọkọ̀ kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Òfin gba ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ àjèjì láàyè láti ṣiṣẹ́ owó, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ ju wákàtí 20 lọ lọ́sẹ̀ ní àkókò ẹ̀kọ́. Nítorí náà ni ọlọ́gbọ́n fi ń dáná fúnra rẹ̀. Ní ọjọ́ Sátidé, yóò wá iṣu, ata àti epo pupa lọ sí ṣọ́ọ̀bù àwọn ará Áfíríkà. Yóò se ọbẹ̀ ìkòkò kan, yóò sì pín in sí abọ́ kéékèèké tí yóò jẹ títí ọ̀sẹ̀ yóò fi parí.

Alẹ́ ọjọ́ Àìkú ni ó sábà máa ń bá àwọn ará ilé sọ̀rọ̀ lórí tẹlifóònù. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, agogo kan náà ni ó ń lù ní Birmingham àti ní Ìbàdàn; ní ìgbà òtútù, tiwa a fi wákàtí kan ṣíwájú. Ìyá yóò béèrè pé, "Ṣé o ti jẹun?" Ẹ̀gbọ́n yóò ní òrùlé ilé ń jò. Akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn a yá owó fi ránṣẹ́ kí ojú má baà tì í, a sì máa purọ́ pé gbogbo nǹkan ń lọ déédéé. Irọ́ bẹ́ẹ̀ léwu. Ó sàn kí ó sọ bí agbára òun ti mọ, nítorí pé òbí tí ó mọ òótọ́ yóò fi àdúrà àti ìmọ̀ràn ràn án lọ́wọ́.

Àwọn ìwé tí ó ń kà lè kọ́ ọ ní ọgbọ́n lórí ọ̀ràn yìí. Ní 1821 ni a kó Crowther lẹ́rú ní Ọ̀ṣoogùn, nígbà tí ó ṣì jẹ́ ọmọdé. Ní 1846, lẹ́yìn ọdún 25, ó tún fojú kan ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Nínú gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, kò sí lẹ́tà, kò sí ohùn. Ẹni tí ó ń gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kò yẹ kí ó fi irọ́ kún un.

Ẹ̀kọ́ kejì wá láti ọ̀dọ̀ Samuel Johnson, àlùfáà Ọ̀yọ́ tí ó kọ ìtàn àwọn Yorùbá. Ó parí iṣẹ́ náà ní 1897, ó sì fi í ránṣẹ́ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún títẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé náà sọnù. Johnson kú ní 1901 láì rí i. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ni ó fi àkọsílẹ̀ tí ó ṣẹ́kù tún un kọ, a sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1921. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó mọ ìtàn yìí kì í sùn láì ṣe ẹ̀dà iṣẹ́ ọjọ́ náà, kí ó sì fi í pamọ́ sí ibòmíràn, nítorí pé kọ̀ǹpútà lè bàjẹ́, olè sì lè gbé e.

Báyìí ni ọjọ́ ń gorí ọjọ́, tí ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin fi ń pé, tí gbólóhùn mẹ́ta mẹ́ta sì di odindi ìwé. Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ náà bá padà wálé, àwọn ènìyàn yóò máa wo bàtà àti aṣọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹrù tí ó níye lórí jùlọ ni ohùn àwọn baba wa tí ó gbọ́ nínú ìwé àtijọ́, tí ó sì gbé padà wá fún àwọn ọmọ wọn.