Àbùdá Ara àti Àìsàn Fòníkú-fọ̀ladìde: Kí Ni Ó Kàn Wá?

Ẹni tí ó bá ti gbé ọmọ fòníkú-fọ̀ladìde lọ sí ilé ìwòsàn lóru mọ bí àìsàn náà ti ń jẹ owó tó. Kì í ṣe ọ̀ràn àbíkú, kì í sì í ṣe iṣẹ́ ayé. Inú àbùdá tí a jogún ni ó ti wá.

Àkọsílẹ̀ kan wà nínú ara olúkúlùkù wa, tí létà rẹ̀ tó bílíọ̀nù mẹ́ta. Jínóòmù ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Létà kan ṣoṣo tí ó yí padà nínú rẹ̀ ni ó ń fa fòníkú-fọ̀ladìde. Bí ọmọ bá gbà á lọ́dọ̀ òbí kan, AS ni. Bí ó bá gbà á lọ́dọ̀ òbí méjèèjì, SS ni. Ẹ̀jẹ̀ SS a máa tẹ̀ bí dòjé, a sì máa dí ojú iṣan. Òun ni ó ń fa ìrora egungun.

Ní ìparí ọdún 2023, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ìtọ́jú tuntun kan, Casgevy. Wọn a gba sẹ́ẹ̀lì tí ń pèsè ẹ̀jẹ̀ lára aláìsàn, wọn a tún àbùdá rẹ̀ ṣe, wọn a sì dá a padà sí i lára. Nínú ènìyàn 31 tí wọ́n kọ́kọ́ ṣọ́ dáadáa, 29 ni ìrora líle kò kọlù fún oṣù 12, ó kéré tán. Ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ní Amẹ́ríkà lé ní mílíọ̀nù méjì dọ́là. Àwọn onímọ̀ ń wá ọ̀nà tí wọn yóò fi lè fi abẹ́rẹ́ lásán ṣe é, kí ó lè dínwó.

Kò sí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí ó lè yá ọmọ ẹgbẹ́ ní irú owó yẹn. Ṣùgbọ́n ohun tí ìmọ̀ yìí lè ṣe fún wa lónìí kò wọ́n. Ní Nàìjíríà, nǹkan bí ènìyàn kan nínú mẹ́rin ni ó jẹ́ AS. Kí àwọn ọmọ wa ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kí ọ̀rọ̀ ìfẹ́ tó wọ̀ wọ́n lára. Bí AS bá fẹ́ AS, oyún kọ̀ọ̀kan ni ó ní ìdá kan nínú mẹ́rin láti jẹ́ SS. Kì í ṣe pé bí àkọ́bí bá jẹ́ SS, àwọn yòókù ti bọ́. Ọmọ tí ó bá sì ti jẹ́ SS, kí a tètè mọ̀, kí a máa dáàbò bò ó lọ́wọ́ ibà, kí a sì bi dókítà nípa oògùn hydroxyurea, tí ń dín ìrora kù.

Ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan jíròrò èyí ní ìpàdé tí ń bọ̀. Olójú jíjìn, òkèèrè ni ó ti ń mẹ́kún sun.