Ariwo Kọ̀ǹpútà, Ooru Ló Bí I

Ní oṣù keje ọdún 2000, Steve Jobs ti iléeṣẹ́ Apple gbé kọ̀ǹpútà kan jáde ní New York. Power Mac G4 Cube ni wọ́n pè é. Àpótí kékeré ni, bíi 20 sẹ̀ǹtímítà níbùú lóròó, tí wọ́n gbé sínú ike tó mọ́ gaara bíi dígí. Èyí tó ya àwọn èèyàn lẹ́nu jù ni pé kò ní fáànù. Afẹ́fẹ́ tútù ń gba abẹ́ rẹ̀ wọlé, ooru inú rẹ̀ ń gbé e lọ sókè, ó sì ń gba orí jáde jẹ́ẹ́jẹ́. Iye rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 1,799 dọ́là. Kò pé ọdún kan tí Apple fi ní àwọn ò ṣe é mọ́: ó rẹwà, àmọ́ owó rẹ̀ ga ju agbára rẹ̀ lọ.

Ohun tí Apple kò rí tà nígbà náà ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń fọwọ́ ara wọn tò nínú yàrá lónìí: kọ̀ǹpútà orí tábìlì tó kéré, tó dákẹ́, síbẹ̀ tó lè gé fídíò lọ́sàn-án kó sì gbá géèmù lálẹ́. Ẹni tó bá ti jókòó ti kọ̀ǹpútà tó ń hó bí omi gaàrí mọ ìdí tí wọ́n fi ń ṣe wàhálà náà.

Kí kéésìn, ìyẹn àpótí kọ̀ǹpútà, tó lè kéré, mọ́dábọ́ọ̀dù, ìyẹn pátákó tí àwọn ẹ̀yà inú rẹ̀ ń so mọ́, ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kéré. ATX ni wọ́n ń pe èyí tó wà nínú ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ńlá. Intel ló gbé ìwọ̀n rẹ̀ kalẹ̀ ní 1995, 30.5 sẹ̀ǹtímítà sí 24.4. Ní 2001, iléeṣẹ́ VIA ní Taiwan gbé ọ̀kan tó kéré gan-an jáde, Mini-ITX, 17 sí 17. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: fífẹ̀ rẹ̀ kò tó ìdajì ti ATX. VIA ò ro ti géèmù rárá nígbà yẹn, ẹ̀rọ kéékèèké tí kì í jẹ iná púpọ̀ ni wọ́n ń rò. Àwọn tó kúndùn kọ̀ǹpútà ló já a gbà, tí wọ́n sọ pé àwọn yóò fi gbá géèmù.

Àwọn yẹn náà ló sì ya kéésìn rẹ̀. Ní 2013 ni NCASE M1 dé, líítà 12.6. Kì í ṣe iléeṣẹ́ ńlá ló ronú rẹ̀. Àwọn tó fẹ́ lò ó ni wọ́n jọ yà á, wọ́n gba owó lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ rà á ṣáájú, wọ́n sì ní kí iléeṣẹ́ Lian Li ní Taiwan bá wọn ṣe é. Daniel Hansen, ọmọ Jámánì, rí i pé líítà 12 ṣì pọ̀ jù. Ní 2016 ó gbé A4-SFX tirẹ̀ síwájú àwọn olùdáwó lórí Kickstarter: líítà 7.2. Kó lè yé wa, kéésìn géèmù ńlá máa ń tó líítà 40 sí 50, bíi kéègì yẹ́lò onílíítà 25 méjì. Ti Hansen ò kún kéègì líítà 10.

Ọgbọ́n wo ló lò? Nínú kéésìn tí gbogbo wa mọ̀, káàdì àwòrán, ìyẹn ẹ̀rọ tí ń ya ohun tí à ń rí lójú géèmù, máa ń yọ jáde lára mọ́dábọ́ọ̀dù gbọọrọ bí pátákó ìpolówó lẹ́bàá títì, àyè òfìfo ló sì yí i ká. Hansen yọ ọ́ kúrò níbẹ̀. Ó fi ògiri irin kan la àárín àpótí, ó gbé mọ́dábọ́ọ̀dù sí apá kan, ó gbé káàdì sí apá kejì, wọ́n wá kẹ̀yìn síra bíi tọkọtaya tó ń bára wọn bínú. Wáyà pẹlẹbẹ kan ló so wọ́n pọ̀.

Ẹ jẹ́ ká sún mọ́ apá ti mọ́dábọ́ọ̀dù. Láti orí ọpọlọ kọ̀ǹpútà dé ìdérí, milimítà 48 péré ló wà fún irin tí ń fa ooru àti fáànù tó jókòó lé e. Ìka ọwọ́ mẹ́ta ni kẹ́ ẹ tò pọ̀, ẹ ti rí i. Irin iléeṣẹ́ Noctua tó ń jẹ́ NH-L9i ga ní milimítà 37 tòun ti fáànù rẹ̀, á wọlé. NH-D15, irin gogoro ti iléeṣẹ́ kan náà, ga ní 165, kò lè wọlé bẹ́ ẹ tilẹ̀ fi òòlù gbá a. Ní apá kejì, káàdì tó bá gùn ju milimítà 295 lọ, ìta ló máa sùn. Páwà-pákì ńlá, ìyẹn ẹ̀rọ tí ń pín iná fún gbogbo kọ̀ǹpútà, náà ò wọ ibẹ̀. Èyí tó kéré, tí wọ́n ń pè ní SFX, ló wà fún un, wáyà rẹ̀ ló sì máa ń dá àwọn èèyàn lágara jù, torí kò síbi tí wọ́n máa kó o pamọ́ sí. Ẹni tó ń to irú kọ̀ǹpútà yìí fún ìgbà àkọ́kọ́ máa tú u tó ẹ̀ẹ̀mẹta kó tó dì í tán.

Wàyí o, ariwo ńkọ́?

Iná tó bá wọnú kọ̀ǹpútà, ooru ló ń dà níkẹyìn. Ọpọlọ kọ̀ǹpútà Ryzen 9 7950X ti AMD, bó bá ń sá eré àsáparí, lè fa iná tó 230 wáàtì. Káàdì RTX 4090 ti Nvidia, tó jáde ní 2022, lè fa 450. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 680, ó ju ìdajì áyọ́ọ̀nù ìlọṣọ oní-1,000 wáàtì lọ. Ẹ wá gbé áyọ́ọ̀nù sínú àpótí tí kò kún kéègì, kẹ́ ẹ ní kó má gbóná. Fáànù ni yóò máa sáré láti kó ooru náà síta, eré yẹn ni etí wa ń gbọ́. Ariwo kò ṣàdédé wà, ooru ló bí i.

Ìdí nìyí tí àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí kì í fi ra fáànù tó lágbára jù, wọ́n máa ń wá bí fáànù yóò ṣe rọra yí. Bí fáànù bá dín eré rẹ̀ kù sí ìdajì, ariwo rẹ̀ á fi bíi dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì 15 wálẹ̀. Bẹ́ẹ̀, dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì 10 péré ti tó kí etí gbọ́ ọ bí ìdajì ohun tó ń gbọ́ tẹ́lẹ̀. Fáànù tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 12, tó ń yí jẹ́ẹ́jẹ́, á gbé afẹ́fẹ́ tí kékeré ò lè gbé àfi tó bá ń pariwo.

Noctua, iléeṣẹ́ tó ti Austria wá, ti fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe iṣẹ́ jẹun láti 2005. Àwọ̀ kọfí onímílíìkì ni fáànù wọn, ọ̀pọ̀ ló sì sọ pé kò wuyì, wọ́n sì ń rà á bẹ́ẹ̀. Ní 2018 wọ́n mú NF-A12x25 jáde. Àlàfo tó wà láàárín ẹnu abẹ rẹ̀ àti férémù tó yí i ká kò ju ìdajì milimítà lọ. Ẹ lè rò pé kékeré lèyí. Afẹ́fẹ́ tó bá sá gba àlàfo náà padà sẹ́yìn, iṣẹ́ òfo ni fáànù ṣe, á sì ní láti sáré sí i kó tó san gbèsè rẹ̀. Ṣùgbọ́n ike lásán máa ń nà bó bá ń yí tó sì ń gbóná fún ọdún púpọ̀, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í ha férémù. Wọ́n fi ike líle kan tí wọ́n ń pè ní Sterrox rọ́pò rẹ̀. Ọdún mélòó kan ni wọ́n fi ṣe é, torí ìdajì milimítà!

Ọ̀nà tó dínwó ju ìyẹn lọ ni kí ooru má pọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Lára 7950X yẹn náà, AMD fi ìpele kan sí i tó ń jẹ́ Eco Mode: tẹ́ ẹ bá yàn án sí èyí tó kéré jù, 230 wáàtì á di 88. Iṣẹ́ tí yóò ṣe á dínkù, àmọ́ kò ní dínkù tó iná tó lọ sílẹ̀. Fóltéèjì ló wà nídìí rẹ̀. Ooru ń gòkè bí fóltéèjì tí a fi ara rẹ̀ sọ di púpọ̀, nítorí náà bí fóltéèjì bá dín ní ìdá kan nínú mẹ́wàá, ooru á dín ní bíi 19 nínú 100. Ẹni tí kò fẹ́ gbá géèmù tó le jù lè mú káàdì RTX 4060, tó jáde ní 2023, 115 wáàtì ni tirẹ̀. Ní tèmi, òun ló bá àpótí kékeré mu jù nínú ìran rẹ̀.

Àwọn kan tiẹ̀ yọ fáànù dànù pátápátá. Kéésìn DB4 ti iléeṣẹ́ Streacom jẹ́ àpótí alùmíníọ̀mù tí ara rẹ̀ gan-an ń fa ooru kúrò lórí ọpọlọ kọ̀ǹpútà, tó sì ń tú u ká. Ó dára fún ọpọlọ oní-65 wáàtì. Bó bá ti ju bẹ́ẹ̀ lọ, á gbóná débi tí ẹ ò ní fẹ́ fọwọ́ kàn án.

Kí ló kan ará Ìbàdàn tàbí Èkó nínú gbogbo èyí? Ẹnikẹ́ni lè béèrè pé ta ló ń gbọ́ ariwo fáànù nígbà tí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ń dún. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí kì í gbóná, iná díẹ̀ ló ń jẹ, ìyẹn sì ni ẹni tó ní ìńfátà mọ̀ lára. Bátìrì 12 fóltì, 220Ah, tí à ń lo ìdajì agbára rẹ̀ péré kó lè pẹ́, kọ̀ǹpútà 600 wáàtì á fi í ṣeré bíi wákàtí méjì, èyí tó jẹ 200 á sún mọ́ mẹ́fà. Ẹ tún wo ojú ọjọ́: yàrá tó tutù tó dígírì 21 ní Yúróòpù kọ́ nìyí. Bí yàrá bá wà ní 32, gbogbo irin inú kọ̀ǹpútà á fi bíi 11 gbóná ju ohun tí àwọn olùdánwò ilẹ̀ òkèèrè kọ sílẹ̀. Nígbà ọyẹ́, eruku á sì dí ẹnu ihò rẹ̀. Kéésìn tó ní aṣọ àsẹ́ tó ṣeé yọ fọ̀ ni kẹ́ ẹ máa wò.

Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kíkọ lẹ́tà àti ṣíṣírò owó lọ kò nílò láti to nǹkan kan. Àwọn kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì kékeré bíi ThinkCentre Tiny, tí kò ju bíi líítà kan lọ, wà ní àlòkù, á sì ṣe iṣẹ́ yẹn láìpariwo. Owó tó bá kù, ẹ fi ra àga tó dára.

Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé tiyín ni ti géèmù, kẹ́ ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ kọ nǹkan mẹ́ta sórí bébà: gíga irin tí kéésìn gbà, gígùn káàdì tó gbà, àti irú páwà-pákì tó wọ inú rẹ̀. Ẹ mú bébà náà dání lọ sí Computer Village ní Ìkẹjà, ẹ sì mú rúlà.