Optocoupler oní-transistor

Optocoupler oní-transistor jẹ́ ẹ̀yà kékeré kan nínú ẹ̀rọ abánáṣiṣẹ́, tí ó ń fi ìmọ́lẹ̀ gbé àmì láti inú sákíìtì kan lọ sínú òmíràn, láìsí wáyà kankan tí ó so àwọn méjèèjì pọ̀. Òun ni ó ń jẹ́ kí sákíìtì tí iná rẹ̀ lè pa ènìyàn ránṣẹ́ sí èyí tí ènìyàn ń fọwọ́ kàn, tàbí kí ó gba iṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, láìjẹ́ kí iná náà kọjá.

Ìhun rẹ̀

LED kan tí ó ń tan ìmọ́lẹ̀ infrared, èyí tí ojú kò lè rí, kọjú sí phototransistor tí a fi sílíkọ́nì ṣe. Ohun tí ó wà láàárín wọn ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ kọjá, ṣùgbọ́n kì í jẹ́ kí iná kọjá. Ike tí ìmọ́lẹ̀ ìta kò lè wọ̀ ni ó bo gbogbo rẹ̀. PC817, tí ó wọ́pọ̀ púpọ̀, ní ẹsẹ̀ 4: méjì fún LED, méjì fún transistor.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́

Nígbà tí iná bá ń ṣàn nínú LED, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ yóò bọ́ sára transistor, yóò sì ṣí ọ̀nà fún iná láti ṣàn láti collector lọ sí emitter. Bí LED bá kú, ọ̀nà náà yóò tì. Ìpín iná tí ó gba inú transistor kọjá sí èyí tí ó wọ inú LED ni a ń pè ní CTR. Bí 10 mA bá wọ LED, tí 5 mA sì gba transistor kọjá, CTR jẹ́ 50%. Ìmọ́lẹ̀ LED máa ń dín kù bí ó ti ń pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, nítorí náà ó yẹ kí ẹni tí ń ṣe sákíìtì fi àyè sílẹ̀ fún àdínkù CTR.

Àpẹẹrẹ: ṣájà fóònù

Nínú ọ̀pọ̀ ṣájà, iná ilé tí ó jẹ́ 230 fóltì ni a kọ́kọ́ ń sọ di iná DC tí ó tó nǹkan bí 325 fóltì. Transformer ni ó ń gbé agbára lọ sí apá fóònù, níbi tí iná ti di 5 fóltì. Optocoupler ni ó ń gbé ìròyìn padà: bí 5 fóltì náà bá fẹ́ gòkè, LED yóò mọ́lẹ̀ sí i, apá iná ilé yóò sì dín agbára tí ó ń fi ránṣẹ́ kù.

Ààlà rẹ̀

Optocoupler irú èyí kì í yára púpọ̀, nítorí pé transistor rẹ̀ nílò ìwọ̀n microsecond mélòó kan kí ó tó ṣí tàbí kí ó tó tì. PC817 lè fara da 5,000 fóltì láàárín apá rẹ̀ méjèèjì fún ìṣẹ́jú 1 nígbà ìdánwò. Síbẹ̀, bí ẹnikẹ́ni bá fi wáyà so ìlà tí iná ń gbà padà ní apá kìíní mọ́ ti apá kejì, iná ti rí ọ̀nà mìíràn gbà, ìdábòbò náà sì ti parẹ́, bí optocoupler ọ̀hún tilẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́ dáadáa.