Omi Tí Táyà Ń Jù Sẹ́yìn

Bí ẹ bá fẹ́ rí ibi tí ojú ọ̀nà ti ń jẹ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kékeré ní Festac nílùú Èkó, ẹ fi orí ọkọ̀ àti bọ́nẹ́ẹ̀tì sílẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ lẹ́bàá táyà iwájú, kí ẹ fi ọwọ́ pa irin tó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀kùn, lẹ́yìn táyà gan-an. Lára Corolla tàbí Picanto tó ti la òjò ọdún bíi mélòó kan kọjá láàárín 23 Road àti Apple Junction, ọwọ́ yín yóò kan ibi tó rí ṣákiṣàki: ọ̀dà ti bó, ìpẹtà sì ti ń yọjú. Ẹnikẹ́ni kò fi nǹkan ha á. Táyà ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀ ló ń sọ òkúta wẹ́wẹ́, yanrìn àti omi ẹrẹ̀ lù ú, tẹ̀ẹ̀rùn tòjò.

Ohun tó ń gbà á sílẹ̀ kò le rárá: awẹ́ rọ́bà tàbí ike kan tí wọ́n so kọ́ sẹ́yìn táyà kọ̀ọ̀kan. Àwọn mẹkáníìkì kan ń pè é ní mud flap, àwọn mìíràn ní mud guard. Lára tírélà àti tańkà tó ń gba Mile 2 lọ sí Apapa ló ti mọ́ wa lójú, pẹ̀lú àdúrà àti orúkọ tí wọ́n fi ọ̀dà kọ sí i. Ọkọ̀ kékeré ni kì í sábà ní in, pàápàá tòkunbọ̀ tó ti Amẹ́ríkà wá, torí pé lọ́hùn-ún, lọ́pọ̀ ìgbà, ẹni tó bá fẹ́ ẹ ló ń sanwó rẹ̀ lọ́tọ̀.

Ká tó lè mọ iṣẹ́ tó ń ṣe, ó yẹ ká wo bí táyà ṣe ń ju omi. Wọ́n gbẹ́ kòtò tín-ín-rín sójú táyà kí omi lè rí ibi sá gbà, kí rọ́bà lè ráyè tẹ ojú títì dáadáa. Bí ojú táyà bá ti gbéra nílẹ̀, omi tó kó sínú àwọn kòtò yẹn á bá a gòkè, ṣùgbọ́n kò lè dì mọ́ ọn pẹ́. Ẹ rántí kànnàkànnà tí Dáfídì fi pa Gòláyátì: òkúta ń bá okùn yí po níwọ̀n ìgbà tí okùn bá ṣì dì í mú; bó bá ti bọ́, kò yí mọ́, tààrà ló ń lọ, síbi tó dojú kọ nígbà tó bọ́. Bí omi ṣe ń fi táyà sílẹ̀ nìyẹn.

Agbára tó ń já a gbà kúrò kì í ṣe kékeré. Táyà 195/65R15, tí ọ̀pọ̀ Corolla ń lò, ga ní sẹ̀ǹtímítà 63. Bí ọkọ̀ bá ń sá kìlómítà 60 ní wákàtí kan, táyà yìí ń yí ju ẹ̀ẹ̀mẹjọ lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo, agbára tó sì ń já omi kúrò lójú rẹ̀ tó nǹkan bí ìlọ́po 90 ìwúwo omi náà. Ẹ dín eré kù sí 20, agbára náà á wálẹ̀ sí bí ìlọ́po 10. Ẹ pín eré sí mẹ́ta, agbára á pín sí mẹ́sàn-án. Ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ tó ń rọra lọ lórí 4th Avenue fi ń kán omi sílẹ̀ lásán, ṣùgbọ́n tí ọkọ̀ kan náà bá bọ́ sórí ọ̀nà Badagry, tó sì rí àyè sáré, ẹ̀yìn rẹ̀ á di kùrukùru.

Ibi tí omi ti bọ́ lára táyà ló ń sọ ibi tó máa bà. Lójú ẹni tó wà nínú ọkọ̀, èyí tó bọ́ kété tí táyà gbéra nílẹ̀ ń fò lọ sẹ́yìn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa fi ikùn wọ́lẹ̀, ó wá ń gòkè díẹ̀díẹ̀. Èyí tó rọ́jú títí ó fi dé ọ̀gangan ìdajì gíga táyà, òkè gan-gan ló ń lọ. Inú ilé táyà ló máa forí sọ, ike dúdú tí wọ́n tẹ́ síbẹ̀ á gbà á, á sì ṣàn padà sílẹ̀. Ẹni tó ṣe ọkọ̀ ti pèsè fún omi tó ń lọ sókè. Èyí tó ń lọ sẹ́yìn ni kò ní olùgbà, bí eré bá sì ṣe ń pọ̀ sí i ni omi ń yá bọ́ sí i, tí tẹ̀yìn yìí fi ń pọ̀ sí i. Rọ́bà tí à ń sọ kàn fa ilé táyà gùn sísàlẹ̀ ni, kó lè gba èyí tó fẹ́ sá gba abẹ́ lọ.

Ti iwájú àti ti ẹ̀yìn kò ṣiṣẹ́ fún ẹni kan náà. Ti iwájú, ọkọ̀ yín ló ń sìn: irin abẹ́ ilẹ̀kùn, ilẹ̀kùn fúnra rẹ̀, àti gbogbo páìpù bíréèkì tó gba abẹ́ ọkọ̀ kọjá. Ti ẹ̀yìn ń dáàbò bo bọ́ńpà àti nọ́ḿbà ọkọ̀ díẹ̀, àmọ́ ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn ló ń ṣe lóore jù.

Ọ̀rọ̀ ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn yìí ní ohun kan nínú tí ọ̀pọ̀ awakọ̀ kò mọ̀. Awakọ̀ ẹ̀yìn á rò pé ńṣe ni ọkọ̀ iwájú ń da omi lu gíláàsì òun. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ dúró létí títì kí ẹ wò ó: omi tó bọ́ nísàlẹ̀ táyà kò fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ síbi kankan, torí pé eré tí táyà fi jù ú sẹ́yìn àti eré tí ọkọ̀ fi ń gbé e lọ síwájú fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ọ̀kan sì pa èkejì rẹ́. Omi náà kàn fò sókè, ó so rọ̀ nínú afẹ́fẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn ló ń fi kìlómítà 60 tirẹ̀ sáré kọ lù ú. Ẹni tó bá jìnnà sẹ́yìn díẹ̀ á bá púpọ̀ nínú rẹ̀ nílẹ̀; ẹni tó bá lẹ̀ mọ́ ìdí ọkọ̀ iwájú ni yóò mu gbogbo rẹ̀, pẹ̀lú epo àti èéfín dúdú tó pò mọ́ ọn, tí wápà á kàn máa fi ya gíláàsì.

Ohun tó mú tańkà burú jù lójú òjò ni pé táyà rẹ̀ pọ̀, omi tó bá sì fi agbára gbá rọ́bà pẹrẹsẹ máa ń fọ́ sí wẹ́wẹ́ bí ìrì, ìrì yẹn sì ṣòro rí kọjá ju ẹ̀kán omi ńlá lọ. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ọkọ̀ ti ọdún 1986 ní kí ọkọ̀ ẹrù ńláńlá ní ohun tó ń dín ìrì yìí kù. Oríṣi rẹ̀ kan ní koríko ike lójú: omi á wọ àárín koríko, agbára rẹ̀ á tán síbẹ̀, á sì ṣàn sílẹ̀. Ọkọ̀ kékeré kò nílò irú ìyẹn. Tírélà tiwa ló nílò rẹ̀, ẹni tó bá sì ti tẹ̀ lé ọ̀kan láti Mazamaza lọ́jọ́ òjò kò nílò àlàyé mi.

Omi kan wà tí rọ́bà yìí kò lè ṣe nǹkan kan sí. Bí táyà bá kó sínú adágún, ó ní omi tí kì í gbé sójú rárá: ńṣe ló ń fi iwájú àti ẹ̀gbẹ́ tì í. Omi yẹn ló ń gbéra bí ògiri, tó ń lọ bá ọmọ iléèwé àti ìyá ọlọ́jà tó dúró ní bọ́ọ̀sù-stọ́ọ̀pù. Ẹ̀gbẹ́ ló gbà jáde kó tó dé ẹ̀yìn táyà, rọ́bà ẹ̀yìn kò tilẹ̀ fojú kàn án. Adágún kò sì wọ́n wa. Ìjọba àpapọ̀ kọ́ Festac fún àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà àti àṣà aláwọ̀ dúdú tó wáyé ní oṣù kìíní sí ìkejì ọdún 1977, ìyẹn ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, pẹ̀lú òpópónà ńláńlá méje. Òjò oṣù kẹfà tó ń rọ̀ sórí gọ́tà tó ti dí lónìí, ti àwa tó ń gbé ibẹ̀ ni. Bíréèkì nìkan ni oògùn omi ẹ̀gbẹ́. Ẹni tó bá so rọ́bà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó sì ń sáré já adágún ní Agboju, èpè tí wọ́n ń ṣẹ́ lé e kò ní fi ẹyọ kan dín.

Ká wá dé orí bó ṣe yẹ kó gùn tó. Àwọn kan rò pé bó bá ṣe gbálẹ̀ tó ló ṣe dára tó. Ìwọ̀n méjì ló ń ṣiṣẹ́ pọ̀: gíga ẹnu rọ́bà sílẹ̀, àti jíjìnnà rẹ̀ sí táyà. Omi ń gòkè bó ṣe ń lọ sẹ́yìn, nítorí náà rọ́bà tó súnmọ́ táyà lè ká a mọ́lẹ̀ kó tó sá, ṣùgbọ́n òkè rọ́bà tó jìnnà ni omi tó gòkè lè gbà kọjá, àyàfi bó bá ga tó sì fẹ̀. Kó súnmọ́ ló dára jù, kó má kàn án ṣáá, kí ẹrẹ̀ sì ráyè já bọ́ láàárín wọn. Èyí tó gbálẹ̀ jù kì í pẹ́ lára ọkọ̀ ìlú yìí. Bọ́ǹpù ojú títì á máa ha á, kòtò á máa fà á. Ìgbà tó sì sábà máa ń ya ni téèyàn bá ń rìvásì lẹ́nu géètì: táyà á gun etí gọ́tà, á tẹ rọ́bà mọ́ ọn, á sì fà á já, nígbà mìíràn tòun ti etí bọ́ńpà. Nítorí èyí ni mo ṣe fẹ́ràn rọ́bà tó rọ̀, tó lè tẹ̀ kó tún padà sípò, ju ike líle tó ń dán lọ.

Títà rẹ̀ wà ní ọjà ASPAMDA nínú Trade Fair, lẹ́bàá wa níbí, àti ní Ladipo. Ẹ béèrè èyí tí wọ́n ṣe fún irú ọkọ̀ yín àti ọdún rẹ̀ gan-an, torí ó ń bá etí ilé táyà tẹ̀, ó sì sábà máa ń lo ihò síkúrù tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Èyí tí wọ́n ṣe fún gbogbo ọkọ̀ kò wọ́n tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ ihò tuntun ló máa ń fẹ́. Ẹ wò ó pé ọ̀tún àti òsì pé. Wọn kò ṣeé fi pààrọ̀ ara wọn.

Síso rẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ ńlá. Ẹ yí sítíárì dópin sí apá kan kí ẹ̀yìn táyà iwájú lè ṣí sílẹ̀, ẹ fọ ẹrẹ̀ ibẹ̀ kúrò, ẹ tú síkúrù tó di ike ilé táyà mú, ẹ gbé rọ́bà lé e, kí ẹ tún un dè pẹ̀lú síkúrù tó gùn díẹ̀ sí i. Ẹ má fún un pa títí ẹ ó fi yí sítíárì dópin lápá méjèèjì láti rí i pé kò kan táyà. Ti ẹ̀yìn lè gba pé kí ẹ fi jáàkì gbé ọkọ̀, kí ẹ yọ táyà. Ibẹ̀ ni panẹbítà tó ń bá yín ṣe é yóò ti sọ pé, “Ọ̀gá mi, ẹ jẹ́ ká lu ihò kan sí i, kíá ló máa parí.” Ẹ dá a dúró ná. Lápá ibi tí ẹnu táńkì epo wà, páìpù tí epo ń gbà wọlé sábà máa ń gba ẹ̀yìn ike yẹn kọjá. Dírílì kò mọ ìyàtọ̀ láàárín irin àti páìpù. Ẹ ní kó kọ́kọ́ tú ike kúrò kí ó wò ó. Bí ihò bá sì pọn dandan, kó kun ọ̀dà sí etí rẹ̀ kí síkúrù tó wọlé, torí irin tí a gbẹ́ láìkùn ni ìpẹtà á kọ́kọ́ jẹ. Síkúrù tí kì í dípẹtà ni kí ẹ rà, kí ẹnu rẹ̀ má sì kọjú sí táyà.

Rọ́bà yìí ní àléébù kan: ẹrẹ̀ máa ń kó sí àárín òun àti irin, ó sì ń pa ọ̀rinrin mọ́ síbẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá ń fọ ọkọ̀, ẹ ní kí wọ́n darí omi sí ẹ̀yìn rẹ̀ láti òkè. Ẹ tún síkúrù rẹ̀ fún lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́.

Bí owó ọwọ́ kò bá tó mẹ́rin, ẹ ra ti iwájú méjì báyìí. Ibẹ̀ ni ìpẹtà ti ń jẹ irin. Ti ẹ̀yìn lè dúró di ìsinmi òjò oṣù kẹjọ.