Ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́: kì í ṣe jẹ̀díjẹ̀dí ní gbogbo ìgbà

Ní Ṣakí, ní Ìsẹ́yìn, kárí Òkè-Ògùn, tí èèyàn bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, agbo jẹ̀dí ló máa ń kàn, ó sì wà ní gbogbo gáréèjì. Lóòótọ́, jẹ̀díjẹ̀dí ló máa ń jẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà. Àmọ́ jẹjẹrẹ tó ń mú ìparí ìfun náà máa ń mú ẹ̀jẹ̀ wá, ẹni tó bá sì ń fi agbo tì í láti oṣù dé oṣù lè má dé ọ̀dọ̀ dókítà títí kókó náà á fi jẹ wọ ẹran ara tó yí i ká. Tó bá ti débẹ̀, tí kò sì tíì dé ẹ̀dọ̀ tàbí ẹ̀dọ̀fóró, ó ṣì ṣeé wò, àmọ́ iṣẹ́ abẹ nìkan kì í sábà tó mọ́.

Láyé àtijọ́, iṣẹ́ abẹ nìkan ló wà. Ní 1908, Ernest Miles ní London ṣàlàyé bí wọ́n ṣe lè gé ìparí ìfun àti ihò ìdí kúrò pátápátá, kí ìgbẹ́ máa gba ikùn jáde sínú àpò. Síbẹ̀, àìsàn náà ṣì máa ń padà wá. Ní 1982, Bill Heald ní Basingstoke fi hàn pé tí wọ́n bá fara balẹ̀ yọ ọ̀rá tó yí ìfun náà ká pọ̀ mọ́ ọn lódindi, ìpadàwá yẹn á dín kù gan-an.

Ìwádìí kan ní Jámánì, tó jáde ní 2004, wá fìdí ẹ̀ múlẹ̀ pé ó sàn kí wọ́n fi ìtànṣán àti kímò sun kókó náà kí wọ́n tó gbé ọ̀bẹ. Lẹ́yìn ọdún 5, ó padà síbẹ̀ lára èèyàn 6 nínú 100, dípò 13.

Ibí lọ̀rọ̀ ti kan Òkè-Ògùn gan-an. Ìtànṣán yẹn ń gbà ju ọ̀sẹ̀ 5 lọ. Ará Ṣakí tí wọ́n bá darí sí UCH n'Ìbàdàn ò lè máa lọ máa bọ̀ lójoojúmọ́. Á wá ibi sùn, á fi oko tàbí ọjà sílẹ̀. Ẹlòmíì á kàn pa á tì ni. Ìdí nìyí tó fi yẹ kéèyàn bi dókítà léèrè nípa ìtànṣán ọjọ́ 5, tí wọ́n ti dán wò tipẹ́ ní Sweden. Nínú ìwádìí RAPIDO, wọ́n fi kímò tẹ̀lé e kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ, kókó náà sì ti pòórá pátápátá lára 28 nínú 100, nígbà tó jẹ́ 14 lọ́nà ti tẹ́lẹ̀. Àmọ́ nígbà tó yá, ó padà wá síbẹ̀ lára àwọn kan ju ti ọ̀nà àtijọ́ lọ, torí náà dókítà ló máa sọ ẹni tó bá mu.

Tí kókó bá pòórá, ṣé dandan ni iṣẹ́ abẹ? Angelita Habr-Gama ní Brazil ló kọ́kọ́ gbà pé kí wọ́n máa ṣọ́ irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ tímọ́tímọ́, láìgé e. Ní 2022, ní New York, oògùn dostarlimab nìkan mú kókó kúrò lára gbogbo èèyàn 12 tí wọ́n kọ́kọ́ lò ó fún. Irú jẹjẹrẹ kan pàtó ló ń bá jà, ìwádìí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olusegun Alatise ti OAU Ifẹ̀ lọ́wọ́ sí sì rí i pé irú yẹn pọ̀ lára àwọn aláìsàn Nàìjíríà ju ti Amẹ́ríkà lọ. Owó oògùn ọ̀hún ló ṣì ga ju apá mẹ̀kúnnù lọ.

Àyẹ̀wò àkọ́kọ́ kò le rárá: dókítà á wọ ìbọ̀wọ́, á fi ìka yẹ inú ìdí wò. Tí ara bá fu ú, á ní kí wọ́n fi kámẹ́rà wò ó, kí wọ́n sì gé díẹ̀ nínú ẹran ara náà lọ yẹ̀ wò. Kí ẹni tí ẹ̀jẹ̀ bá ń yọ lára ẹ̀ ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ, tàbí tí ìgbẹ́ rẹ̀ ṣàdédé yí padà, sọ ọ́ jáde ní ọsibítù ìjọba tó wà nítòsí, kó sì sọ iye oṣù tó ti ń mu agbo.