Orín Ata: Agbára Rẹ̀ àti Ààlà Rẹ̀

Ní ilẹ̀ Kétu, ọ̀pọ̀ àgbàlagbà kì í kí ènìyàn ní òwúrọ̀ kí wọ́n tó fi orín fọ ẹnu. Orín ata wà lára èyí tí wọ́n fẹ́ràn. Gbòǹgbò igi ata ni. Igi náà ní ẹ̀gún lára, ewé rẹ̀ sì ń ta sánsán bí ewé ọsàn, nítorí pé ìdílé kan náà ni àwọn méjèèjì. Bí ènìyàn bá rún orín náà, yóò ta á ní ahọ́n bí ata.

Ní Ilé-Ifẹ̀, níbi tí àwọn baba ńlá Kétu ti wá, àwọn onímọ̀ yunifásítì yẹ orín wò láti mọ̀ bóyá ó ń pa kòkòrò ẹnu. Ọ̀jọ̀gbọ́n Abayomi Sofowora wà lára wọn. Wọ́n ṣàkíyèsí pé omi orín ata kò jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi ń ṣe ìdánwò pàdánù àwọ̀ pupa rẹ̀. Wọ́n wá dán an wò lára ẹ̀jẹ̀ àwọn tí ó ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde.

Àìsàn yìí, tí àwọn dókítà ń pè ní drépanocytose, ń ti ara bàbá àti ìyá wá. Ẹ̀jẹ̀ tí ó yẹ kí ó rí roboto a máa tẹ̀ bíi dòjé. A dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀, egungun a sì máa ro aláìsàn gidigidi. Ní ọdún 1971, àwọn onímọ̀ Ifẹ̀ kéde pé, nínú ìgò ìdánwò, omi orín ata mú ẹ̀jẹ̀ tí ó ti tẹ̀ padà sí bí ó ti yẹ.

Ìròyìn yìí dùn mọ́ni. Ṣùgbọ́n ó lè ṣi òbí lọ́nà. Inú ìgò yàtọ̀ sí inú ara ọmọ. Ohun tí ọmọ bá mu yóò gba inú ikùn àti ẹ̀dọ̀ kọjá kí ó tó dé inú ẹ̀jẹ̀. Gbòǹgbò méjì kì í sì í ní agbára kan náà. Ẹni tí ó se àgbo nínú ìkòkò kò lè mọ ìwọ̀n tí ó wà nínú ife kan. Àwọn àgbà ní oògùn tí kò jẹ́, ewé kan ni kò pé. Ní ti ọmọdé àti aboyún, ewé lè pé, kí ìwọ̀n sì pọ̀ jù.

Ní Kútọnu, àwọn dókítà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Chérif Rahimy ṣáájú fi ìtọ́jú àwọn ọmọ aláìsàn yìí hàn gbogbo ayé ní ọdún 2003. Wọ́n kọ́ àwọn òbí, wọ́n dènà ibà, wọ́n bójú tó oúnjẹ, wọ́n sì ń yẹ àwọn ọmọ náà wò déédéé. Ìlera àwọn ọmọ náà sì dára sí i. Ìtọ́jú yìí ni kò yẹ kí òbí kankan fi orín rọ́pò.

Nítorí náà, kí àgbàlagbà máa fi orín ata fọ ẹnu bí ìṣe. Kí òbí tí ń fún ọmọ ní àgbo sọ ọ́ fún dókítà láìtijú. Bí ara ọmọ bá gbóná, bí ojú rẹ̀ bá funfun, bí kò bá lè mí dáadáa, tàbí bí apá kan ara rẹ̀ kò bá ṣiṣẹ́ mọ́, ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé e lọ lójú ẹsẹ̀. Kí tọkọtaya sì ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kí wọ́n tó fẹ́ ara wọn. Bí àwọn méjèèjì bá ní àmì àìsàn náà, ó ṣeé ṣe kí ọmọ kan nínú mẹ́rin ní in.