Baba Sàlá: Ẹ̀rín àti Owó Iṣẹ́

Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, tí a mọ̀ sí Baba Sàlá, ti jẹ́ olórin kí ó tó di aláwàdà. Sunny Adé bá a ṣiṣẹ́ nínú ẹgbẹ́ olórin rẹ̀ rí. Lórí tẹlifíṣọ̀n, awò ojú ràgàjì àti agogo tí ó fi kọ́ ọrùn ti tó pa ni lẹ́rìn-ín kí ó tó lanu.

Ní 1982, ó gbé fíìmù Ọ̀run Móoru jáde. Àwọn ọlọ́ṣà ṣe àdàkọ rẹ̀ sínú kásẹ́ẹ̀tì fídíò. Ó sì pàdánù owó rẹpẹtẹ. Àdàkọ kì í gbé fíìmù kúrò lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ín; owó tí ì bá wọlé fún un ni ó ń gbà lọ. Òṣìṣẹ́ wo ní Sango-Ọ̀tà ni yóò gbà kí a ta ọjà tí ó ṣe, kí a má san owó oṣù rẹ̀? Iṣẹ́ ni àwàdà pẹ̀lú. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ fi èyí kọ́ ọmọ.